Ọ̀sán tí Ilẹ̀ Ya Wọ Inú Omi

Bàbá tó gba yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ wa ní Légbassito, lẹ́yìn ìlú Lomé, kò kó ẹrù púpọ̀ wá. Àpótí onírin kan ni, ẹní kan, àti okùn. Okùn yẹn pọ̀ ju gbogbo ẹrù yòókù lọ. Kí n tó se oúnjẹ ọ̀sán tán lọ́jọ́ tó kó dé, ó ti kan ìṣó yí ògiri ká, ó sì ti fi okùn so gbogbo ohun tó ní kọ́ sára wọn: ṣẹ́ẹ̀tì, bàtà, kẹ́tùrù, títí dórí ife tó fi ń mu tíì. Kò sí ohun tó wà nílẹ̀ yàrá náà àfi ẹní tó ń sùn lé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

"Bàbá, ṣé ilẹ̀ ilé wa kò mọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mọ́, ìyàwó wa. Inú ọkọ̀ òkun ni mo ti lo ayé mi. Ohun tí mi ò bá tíì so, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i."

Nago ni, Yorùbá ilẹ̀ Benin, ará ìhà Pobè. Ọkọ mi ló mú un wá. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti èbúté Lomé lọ sí Burkina, èbúté yẹn náà ni wọ́n ti mọra, nígbà tí bàbá ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ ọkọ̀ òkun sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà ní Cotonou, ó sì ní òun kò fẹ́ lọ di ẹrù lé e lórí. Èmi ní tèmi, Amoutivé, nínú ìlú Lomé, ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá tajà, kò sì padà mọ́. Nítorí náà, Yorùbá tèmi àti Nago tirẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ kọ ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá sọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́, á tún un sọ ní Faransé. Tí Faransé náà bá kọ̀, á fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Kí n má parọ́, mi ò tètè fẹ́ràn rẹ̀. Abọ́ ni mò ń tà ní ọjà Agoè, abọ́ ike àti abọ́ onírin, bàsíà, garawa. Láràárọ̀ tí mo bá ń to ọjà mi sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bàbá yìí á jáde, á dúró, á ní bí mo ṣe tò ó kò dáa, pé èyí tó wúwo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo dá a lóhùn pé ọdún kẹtàdínlógún mi rèé tí mo ti ń to abọ́. Kò bínú. Ó kàn fọwọ́ kan bàsíà tó wà lókè pátápátá, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń to ẹrù bó ṣe wí.

Ọ̀rọ̀ omi ńlá bẹ̀rẹ̀ láàárín wa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ẹ̀kọ́ girama, ń wo fídíò lórí fóònù: òkun kan tó gòkè wọ ìlú, tó ń ti mọ́tò àti ilé lọ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ó ní wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní sùnámì. Ó bi mí ohun tó ń fà á. Mo ní ìjì ni, afẹ́fẹ́ líle tó bá fẹ́ lórí òkun. Bàbá tó jókòó síwájú yàrá rẹ̀, tó ń tún okùn hun, gbé orí sókè.

"Afẹ́fẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀," ó ní. "Afẹ́fẹ́, ojú omi nìkan ló ń dà láàmú. Eléyìí, láti ìdí ló ti ń wá. Ìyàwó wa, yá mi ní bàsíà ike kan, kó tóbi, kí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́."

Mo mú èyí tó tóbi jù wá. Ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ó sì bu omi sí i dé ìdajì. Ó ní ká jẹ́ kí omi náà dúró jẹ́ẹ́. A dúró títí ojú omi fi ń dán bíi dígí. Ó wá na ọwọ́ sí abẹ́ bàsíà, ó di ìkúùkù, ó sì gbá ìdí ike náà lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀. Omi wú sókè láàárín, bíi pé nǹkan fẹ́ jáde níbẹ̀. Ó tàn káàkiri, ó sì fò kọjá etí bàsíà sórí ẹsẹ̀ ọmọ mi.

"Ìmìtìtì ilẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Ilẹ̀ wà lábẹ́ òkun bó ṣe wà níbí. Ó pín sí awẹ́ ńláńlá, awẹ́ kan fara ti èkejì, wọ́n ń ti ara wọn fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá yọ̀ bọ́, ilẹ̀ á ta sókè lójijì, gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀, láti ìdí títí dé ojú, á bá a gbéra. Omi tó gbéra yẹn kò lè dúró lókè. Ó gbọ́dọ̀ lọ síbì kan."

Ó mú àjákù búlọ́ọ̀kù kan, ó sì jẹ́ kó bọ́ sínú omi láti etí bàsíà. Omi fò sí òdìkejì, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì rin mí láṣọ.

"Èyí ni ti ilẹ̀ tó ya. Òkè tó wó sínú omi, tàbí ẹrẹ̀ tó yọ̀ lọ lábẹ́ òkun níbi tí ojú kò ti rí i. Nígbà mìíràn, ìmìtìtì ló máa ń mi ilẹ̀ náà tó fi ń ya, àwọn méjèèjì á wá pa pọ̀."

"Ẹ ti rí i rí, Bàbá?" Ọmọ mi ló bi í.

Ó da omi bàsíà sídìí ẹ̀fọ́ mi kó tó dáhùn.

"Ó ti kọjá lábẹ́ mi rí. Mi ò mọ̀."

Báyìí ló ṣe sọ ọ́ fún wa. Wọ́n wà lójú òkun ní apá ìlà-oòrùn ayé, wọ́n ń kó igi lọ sí èbúté kan. Àárọ̀ ni, oòrùn ti yọ, òkun tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ́ńjìnnì, ó gbé ife tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí irin. Ọkùnrin tó ń gbọ́ rédíò sáré wá bá ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ pe gbogbo wọn jọ, ó ní ilẹ̀ ti mì lábẹ́ òkun, pé omi ńlá ti gbéra, pé ó ti kọjá lábẹ́ ọkọ̀ àwọn, kò tíì pẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Bàbá ní òun wo ife tíì òun. Kò dà nù.

"Ẹ ò mọ nǹkan kan lára?" mo bi í.

"Rárá. Lójú agbami, kì í ga. Ó lè má tó gíga ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ó gùn. Orí rẹ̀ á ti lọ, ìrù rẹ̀ kò ní tíì dé. Ó sì ń sáré bí ọkọ̀ òfuurufú. Ó rọra gbé ọkọ̀ wa sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó sùn. Ìgbà tó bá dé ibi tí omi kò ti jìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Iwájú á falẹ̀, ẹ̀yìn á ṣì máa bọ̀ tagbára-tagbára, á wá gun orí ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń di òkè."

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ kẹta, wọn kò rí èbúté. Ọkọ̀ apẹja kan jókòó sórí òrùlé ilé alájà méjì. Wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró sójú omi, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kékeré gbé omi mímu lọ fún àwọn tó kù. Níbẹ̀ ló ti pàdé ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹja gbígbẹ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá náà fún wọn. Ìyá náà ní òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni. Ó fà títí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn, ẹja ń ta kiri nínú ẹrẹ̀. Àwọn èèyàn gbé agbọ̀n, wọ́n sáré lọ kó ẹja. Òun kọjú sí òkè, ó ń rìn, ó ń pariwo, ó ń fa ẹni tó bá lè fà lọ́wọ́. Ẹni mẹ́rin ló tẹ̀ lé e.

"Ẹni mẹ́rin," bàbá tún wí. "Ìyá yẹn kò kàwé. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé ló rántí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹnjiníà tí mo bá bá pàdé nínú ọkọ̀ ni mo máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀ omi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé tó bá kàn mí, ẹni tó máa tẹ̀ lé mi á ju mẹ́rin lọ."

Lẹ́yìn ilé wa, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kòtò ńlá kan wà níbi tí àwọn ọkọ̀ ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa lọ fi ṣe títì. Wọ́n wà á tán, wọ́n lọ, òjò sì sọ ọ́ di adágún. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, ó ga tó ilé alájà méjì, oko àgbàdo kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì rọra ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú omi. Ibẹ̀ ni àwa obìnrin àdúgbò ti ń fọ aṣọ, nítorí omi kànga wa kì í tó. Àwọn kan láàárín wa, aṣọ àwọn ará ìgboro ni wọ́n ń gbà fọ̀. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Bàbá máa ń rìn gba ibẹ̀ láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá, ó dé láti ibi ìrìn rẹ̀, kò jókòó. Ó já okùn kan lára ògiri, ó mú èèkàn mẹ́rin, ó sì tún jáde. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ojú rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mú mi gun orí ẹ̀gbẹ́ gíga náà, sáàárín àgbàdo. Ilẹ̀ ti sán níbẹ̀. Ìlà tóóró kan ni, ìka mi kan ló lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gùn láti ìpẹ̀kun oko dé ìpẹ̀kun. Bàbá kan èèkàn méjì sí apá ibí, méjì sí apá ọ̀hún, ó na okùn sáàárín wọn, ó sì ta kókó síbi tí okùn ti kan èèkàn.

"Lọ́la a ó mọ̀ bóyá ó ń rìn," ó ní.

Ó ń rìn. Lọ́jọ́ kejì, kókó ti kúrò lára èèkàn ní ìwọ̀n èékánná. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti tó ìka méjì. Bàbá lọ bá olórí àdúgbò, mo sì bá a lọ láti túmọ̀, torí èyí tó gbọ́ nínú Mina, èdè tí wọ́n ń sọ níbí, kò ju ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá lọ. Olórí àdúgbò gbọ́ wa yé, ó dá wa lóhùn dáadáa. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀gún dí ọ̀nà oko náà, ó sì ránṣẹ́ sí olóko kó má lọ síbẹ̀ mọ́.

"Àwọn tó ń fọ aṣọ ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Òdìkejì omi ni wọ́n wà, Bàbá. Ilẹ̀ kò lè fò kọjá omi lọ bá wọn."

"Kì í ṣe ilẹ̀ ló máa lọ bá wọn. Omi ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Olórí àdúgbò wò mí bíi pé mo ṣì í sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ó dáa, òun máa bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń fọ aṣọ wọn lọ. Obìnrin Mina kan tó dàgbà jù láàárín àwọn afọṣọ wí fún mi pé, "Sọ fún bàbá rẹ pé omi yìí kò tó òkun." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣì ń fọ aṣọ níbẹ̀.

Mo rò pé bàbá máa bínú, tàbí kó fi wọ́n sílẹ̀. Kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní obìnrin tó ru aṣọ wá láti ọ̀nà jíjìn kò lè torí ọ̀rọ̀ ẹnu fi ibi tí omi wà sílẹ̀, àfi kí omi wá bá a níbòmíràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igi kan wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Bàbá gé àtẹ̀gùn sínú ilẹ̀ pupa láti etí omi dé ìdí igi. Ó gbà á ní odindi ọjọ́ méjì. Ó ri òpó kan mọ́ inú omi, ó na okùn láti ara igi dé ara òpó náà, ó fi kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí okùn ń gbà lórí rẹ̀ yí sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń fa ẹrù nínú ọkọ̀, ó sì so garawa mẹ́ta mọ́ ọn. Tí a bá fa okùn láti òkè, garawa á lọ ri ara rẹ̀ sínú omi, á sì gòkè wá bá wa ní kíkún. Èmi ni mo fún un ní garawa, mo sì gbé bàsíà ńlá márùn-ún wá síbẹ̀ láti inú ọjà mi. Ó tún to òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀ tí a ó máa fọṣọ lé.

Àwọn obìnrin gòkè wá. Kì í ṣe pé wọ́n gbà á gbọ́. Òjìji wà níbẹ̀, a kì í tẹ ẹrẹ̀, ẹ̀yìn kì í sì í dun èèyàn bíi ti ìsàlẹ̀. Ìyá afọṣọ tó fi wá ṣẹ̀sín ló kọ́kọ́ gba òkúta tó dáa jù. Bàbá jókòó sídìí igi, ó ń wo òdìkejì.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì léra. Lọ́jọ́ kẹta oòrùn jáde, gbogbo ẹni tó ní aṣọ ìdọ̀tí ló wá síbi omi. Mo ti kírun Àìlà kí n tó lọ. A tó obìnrin méjìlá lábẹ́ igi náà. Ìyá afọṣọ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ó ní kúbùsù kan tó tóbi ju omi garawa lọ, òun kàn fẹ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan kí òun sì gòkè.

Bàbá dìde. Mo wo ibi tó ń wò. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ń jábọ́ láti ara ògiri pupa tó wà lódìkejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi gàrí tó ń jò láti inú àpò. Ó dáwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó wà nínú àgbàdo fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Va," bàbá pè. "Va." Ọ̀rọ̀ Mina tí mo kọ́ ọ ni, ó túmọ̀ sí "máa bọ̀". Kò pè é bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn tí èèyàn ń bá jiyàn. Ìyá afọṣọ gbé orí sókè. Ó wo kúbùsù, ó wo bàbá, ó sì ju kúbùsù sílẹ̀. Bàbá ti ju okùn sí i. Àwa mẹ́ta dì í mú lókè, a ń fà á, ó sì ń gun àtẹ̀gùn náà ní méjì-méjì.

Ògiri pupa náà kò pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀. Àgbàdo ló kọ́kọ́ rìn. Mo rí odindi poro àgbàdo kan tó dúró ṣánṣán, tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tó hù lé, láìtẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ya, ó sì wọ inú omi. Ìró rẹ̀ dún láyà mi kó tó dún létí. Omi là, ihò kan ṣí sáàárín rẹ̀, ó pa dé, omi sì dìde. Adágún tí mo ti ń fọ aṣọ nínú rẹ̀ fún ọdún méjì, tí mi ò rí ìgbì nínú rẹ̀ rí, dìde dúró, ó pọ́n bí ata lílọ̀, ó sì dojú kọ wá. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti gba ojú adágún kọjá. Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láìfalẹ̀. Ó gbé òkúta ìfọṣọ ìsàlẹ̀, ó gbé òpó, ó gbé kúbùsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn tí bàbá gé. Ìyá afọṣọ ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó ku bí àtẹ̀gùn márùn-ún kí omi náà dé ẹsẹ̀ wa ló dúró, ó sì ń padà, ó ń fa ohun gbogbo lọ pẹ̀lú ariwo òkúta.

Aṣọ tí a sá sórí koríko wà lára ohun tó ń fà lọ. Obìnrin méjì gbéra láti lọ mú un. Bàbá dúró sórí àtẹ̀gùn, ó na apá méjèèjì, ó dí ọ̀nà.

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì tán. Sọ fún wọn, ìyàwó wa."

Mo sọ ọ́ ní Mina, mo sọ ọ́ ní Faransé. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi èjìká tì í. Bàbá kò mira. Omi tó padà lọ gbá ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó ya lódìkejì, ó pàdé èyí tó ṣì ń bọ̀, wọ́n sì jùmọ̀ padà wá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dé ẹsẹ̀ wa. Ó kún bàtà bàbá, ó gbé bàsíà mi méjì lọ. Obìnrin tó fẹ́ tì í yẹn ló di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ tó bọ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ wá pa rọ́rọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ń fò kiri nínú koríko níbi tí omi kò dé rí. A ka ara wa, a pé. Ìyá afọṣọ jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wo ibi tó dúró sí kó tó gòkè. Ibẹ̀ kò sí mọ́. Ẹrẹ̀ ló kù.

Mo lọ bá bàbá. Ó ti fara ti igi. Ó ń ta kókó sára okùn tó kù, ó ń tú u, ó sì tún ń ta á.

"Ẹ̀rù bà yín, Bàbá?"

"Ó ti ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti rí ìlà yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá afọṣọ wá sílé wa. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja díndín dání. Ó jókòó níwájú bàbá, ó ní òun fẹ́ kó ṣàlàyé fún òun, torí òun lòun sọ pé omi náà kò tó òkun. Mo jókòó sáàárín wọn, mò ń túmọ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ," bàbá wí. "Kò tó òkun. Ìdí tó fi burú nìyẹn. Omi tó há, tí ilẹ̀ bá ya wọ inú rẹ̀, kò ríbi sá sí, ó gbọ́dọ̀ gòkè. Àwọn ẹnjiníà sọ fún mi nípa ibì kan ní àríwá ayé, níbi tí yìnyín wà, tí òkun wọ àárín òkè méjì bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkúta ya láti ara òkè kan, ó já sínú omi, omi sì gun òkè òdìkejì, ó ń hú igi títí dé ibi tó ga ju ilé èyíkéyìí ní Lomé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde sójú agbami, ó tú ká. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀nà jíjìn. Ti ìmìtìtì kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó gbé e fẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ó lè la òkun já, kó lọ bá àwọn tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ mì níbì kankan."

Ìyá afọṣọ rò ó wò. "Ọ̀kan ga, ó sì tètè kú," ó ní. "Ọ̀kan kúrú, ó sì lọ jìnnà."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Inú mi dùn bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ, tí mò ń gbé e bọ̀. Mo ti ń gbọ́ nípa agbára òkun láti kékeré. Ní Amoutivé, a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù nígbà náà, n kò lóye rẹ̀. Ní báyìí mo rí i pé omi kò ní ìbínú kankan nínú. Ó gba ohun tí ilẹ̀ fún un, ó sì gbé e lọ dé ibi tó lè gbé e dé. Ọ̀rọ̀ náà tóbi, ó lẹ́wà lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó gbé wa lọ. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí sì tún wú mi lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mọ nǹkan. Wọ́n á sọ ọ́, tí a ò bá gbọ́, wọ́n á ní àwọn ti sọ tiwọn. Ẹni tí a fi ṣẹ̀sín ló fi ọjọ́ méjì gé àtẹ̀gùn fún wa.

Ìròyìn náà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ọmọ mi. Olùdarí ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ránṣẹ́ pé kí bàbá wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní òun kò mọ̀wé. Olùdarí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bàbá tún kọ̀. Ó wá gun sémì wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà náà pẹ̀lú eruku lára, ó sì ní, "Bàbá, ohun tó wà nínú ìwé, mo lè kà á fún wọn. Ohun tẹ́ ẹ rí ni mi ò rí."

Bàbá lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bí mi ò bá tẹ̀ lé òun, òun kò ní lọ.

Mi ò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú kíláàsì yẹn, ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe omi ní Faransé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ní "ilẹ̀ ya", n kò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní ilẹ̀ fàya bí aṣọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Olùdarí kọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ sójú pátákó, kò bá mi wí, a sì ń bá a lọ. Bàbá gbé bàsíà lé orí tábìlì méjì, ó gbá ìdí rẹ̀, omi fò. Ẹ̀rín tán. Wọ́n sún mọ́ iwájú.

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Ṣé ó lè dé Lomé?"

Mo wo bàbá. Mo fẹ́ kó sọ pé rárá.

"Àwọn awẹ́ ilẹ̀ tó ń ti ara wọn yẹn jìnnà sí wa," ó ní. "Ilẹ̀ tiwa kì í sábà mì. Mi ò rò pé ẹ máa rí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún yín pé kò lè wáyé láé, torí òkun tó wà níwájú wa so mọ́ èyí tó wà níwájú àwọn tó ti rí i. Tẹ́ ẹ bá wà létí òkun tí ilẹ̀ mì, tó mì pẹ́, tàbí tí òkun fà sẹ́yìn jù bó ṣe máa ń fà lọ, ẹ má dúró wò ó. Ẹ sọdá ọ̀sà, ẹ gun òkè lọ sápá Tokoin. Ẹ fa ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má sì yọ fóònù láti ya fọ́tò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi fóònù yẹn, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó béèrè kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, lẹ́bàá títì, bàbá dúró lójijì.

"Ṣé o sọ fún wọn pé èyí tó kọ́kọ́ dé lè má jẹ́ èyí tó ga jù?"

Mo rò ó. N kò rántí pé mo sọ ọ́. Níbi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ tó ya, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Mi ò sọ ọ́, Bàbá."

Kò bá mi jà. Ó yí padà, ó dojú kọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń rìn. A bá wọn ní àkókò ìsinmi, gbogbo wọn wà lábẹ́ oòrùn nínú ọgbà. Olùdarí pàtẹ́wọ́ pè wọ́n jọ. Mo dúró sórí bẹ́ǹṣì, mo sọ ọ́ ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Mina, mo sì ní kí wọ́n tún un sọ padà fún mi.

Ní ìgbẹ̀yìn ọdún náà, wọ́n gbé yẹ̀pẹ̀ wá dí apá kan lára kòtò yẹn, wọ́n sì dá ẹ̀gbẹ́ tó kù sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò dúró bí ògiri mọ́. Ẹ̀rọ omi kan ti wà ní àdúgbò wa báyìí, ibẹ̀ la ti ń fọ aṣọ. Bàbá ṣì wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà. Orúnkún ń dà á láàmú, kò lè rìn jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tó kọjá, àwọn obìnrin méjì wá láti àdúgbò kan lápá àríwá, wọ́n ní ilẹ̀ kan sán lẹ́bàá omi tí àwọn ti ń bomi rin oko, wọ́n sì gbọ́ pé bàbá kan wà níbí tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá bi wọ́n bóyá ẹnì kan ń lo òdìkejì omi náà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọ bàtà, ó wò mí, mo sì ti ọjà mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bá wọn lọ.